Ìwà Lẹ́tà Ni Ẹwà Rẹ̀: Fọ́ǹtì Ológe Lórí Ògiri Àgbàdo

Yorùbá gbà pé ìwà lẹwà. Bí ènìyàn bá dára lójú tí kò níwà, àwọn àgbà a ní ẹwà rẹ̀ kò tíì pé. Òfin yìí kò mọ sórí ènìyàn nìkan. Ó kan aṣọ, ó kan ilé, ó sì kan lẹ́tà tí wọ́n fi ń kọ orúkọ ènìyàn sára káàdì ìpè, pósítà ìsìnkú, báńnà ìjọ àti pátákó ìtajà. Lẹ́tà ní ojú, ó sì ní ìwà. Ojú rẹ̀ ni oníbàárà ń rí tí ó fi ń sọ pé èyí ni òun fẹ́. Ìwà rẹ̀ ni ohun tí ó lè ṣe nígbà tí wọ́n bá gbé iṣẹ́ lé e lọ́wọ́. Ní Àgbàdo, bí ó ti rí ní ibi púpọ̀ nílẹ̀ Yorùbá lónìí, ojú lẹ́tà ni wọ́n ń rà. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni tó béèrè ìwà rẹ̀.

Ẹ̀rí rẹ̀ kò jìnnà. Àgbàdo ni ibùdókọ̀ ojú irin Red Line tí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ṣí ní ọdún 2024 ti bẹ̀rẹ̀, kí ó tó gba Ìjù, Agége àti Ìkẹjà kọjá lọ sí Ọ̀yìngbò. Ìlú náà wà ní ààlà. Apá kan rẹ̀ wà lábẹ́ ìjọba ìdàgbàsókè Àgbàdo/Òkè-Odò tí wọ́n yọ lára Alímọ̀ṣọ́, apá kejì sì bọ́ sí ilẹ̀ Ògùn. Èrò pọ̀ níbẹ̀, ìnáwó sì pọ̀. Bí ọ̀sẹ̀ bá ti ń parí lọ, ògiri, òpó iná àti ẹnu géètì a kún fún ìwé: ìsìnkú ìyá àgbà, ìgbéyàwó, ìsọjí, ìṣílé, ìpolówó ilé ẹ̀kọ́ tuntun. Lórí púpọ̀ nínú wọn, ìdílé lẹ́tà kan náà ni ó máa ń kọjú sí ènìyàn. Lẹ́tà ńlá ni, ìparí ìlà rẹ̀ yọ ẹsẹ̀, ara rẹ̀ ní iṣẹ́ ọnà, òjìji sì tẹ̀ lé e lẹ́yìn bí ẹni pé wọ́n gbẹ́ ẹ sára pákó. Ó jọ ohun tí wọ́n tẹ̀ ní ayé àtijọ́. Èyí tí ó lókìkí jù nínú irú rẹ̀ ni Algerian.

Orúkọ orílẹ̀-èdè kan ní Áfíríkà ni lẹ́tà yìí ń jẹ́, ṣùgbọ́n ìlú Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti bí i. Ilé iṣẹ́ Stephenson Blake, tí ó ń rọ lẹ́tà onírin fún àwọn atẹ̀wé, ni ó gbé e jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, wọ́n tún un yà, ilé iṣẹ́ Microsoft sì fi kún àwọn fọ́ǹtì tí ń bá Office rìn. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe dé orí tábìlì gbogbo oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà láti Ìkọ̀tún dé Ẹgbẹ́dá, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ránṣẹ́ pè é. Ẹni tí ó bá ṣí kọ̀ǹpútà tí ó ń wá lẹ́tà aláràbarà, lábẹ́ A ni Algerian wà, ní òkè pátápátá. Bóyá ohun tí ó sọ ọ́ di ọba lórí ògiri kò ju pé òun ni ó súnmọ́ ọwọ́ jù lọ.

Àṣà tí ó bí i jìn ju ìyẹn lọ. Ẹsẹ̀ kékeré tí ó máa ń yọ ní ìparí ìlà lẹ́tà ti wà lára òkúta láti ayé àwọn ará Róòmù. Ó wà lára òpó Ọba Trajan tí wọ́n ṣí ní Róòmù ní ọdún 113, ó sì mọ́ rekete níbẹ̀ títí di òní. Nígbà tí òwò gbilẹ̀ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ní ọ̀rúndún 19, lẹ́tà ìwé kò tó mọ́ fún ìpolówó. Ó di dandan kí lẹ́tà pariwo láti ara ògiri. Ní ọdún 1828, Darius Wells ní New York gbé ìwé àpẹẹrẹ lẹ́tà onígi jáde, nítorí pé igi fúyẹ́, ó sì rọrùn láti gbẹ́ tóbi ju irin lọ. Ní ọ̀rúndún yẹn ni lẹ́tà ń wọ òjìji, òdòdó, ìwo àti ìlà inú. Lẹ́tà ọjà ni. Wọ́n bí i láti dúró sí ìta, kí ó sì pe èrò wọlé.

Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni bú ará Àgbàdo nítorí pé ó fẹ́ràn rẹ̀. Yorùbá kò bá ọ̀ṣọ́ ṣọ̀tá rí. Ẹni tí ó bá rí iṣẹ́ abẹ́rẹ́ lára agbádá, tàbí igbá fínfín ti Ọ̀yọ́, yóò mọ̀ pé ohun tí ó bá ṣe pàtàkì ni wọ́n ń dárà sí. Ìsìnkú àgbà jẹ́ ọjọ́ ńlá. Ìgbéyàwó jẹ́ ọjọ́ ńlá. Ìdílé tí ó kó owó jọ fún ọdún kan gbáko kí ìyá wọn lè lọ pẹ̀lú ọlá kò ní fẹ́ kí orúkọ ìyá náà jáde nínú lẹ́tà tí ó jọ ti ìwé owó iná. Lẹ́tà àtijọ́ a máa fún ọ̀rọ̀ ní ọjọ́ orí. Ó ń sọ fún ẹni tí ń kọjá pé ohun tí wọ́n kọ síhìn-ín kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, pé ilé yìí ní ìpìlẹ̀, pé ṣọ́ọ̀bù yìí kì í ṣe ti àná. Fún ìlú tí ọ̀pọ̀ ilé inú rẹ̀ kò tíì pé ogójì ọdún, ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti lóye.

Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí ó bá lẹ́wà ni ó ní ibi tí ó yẹ ẹ́. Wọ́n ṣe Algerian àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fún orí ọ̀rọ̀: orúkọ kan, àkọlé kan, ọ̀rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta tí ó tóbi. Algerian kò tilẹ̀ ní lẹ́tà kékeré rárá. Lẹ́tà ńlá nìkan ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tí ó bá fi í kọ odindi ìwé ìpè, láti orí orúkọ àwọn òbí dé orí àdírẹ́sì gbọ̀ngàn, ti sọ àlejò rẹ̀ di ẹni tí ń já odù. Nígbà tí gbogbo lẹ́tà bá ga bákan náà, tí òjìji sì dí àárín wọn, kíkà a di iṣẹ́. Bákan náà ni pátákó tí ó wà létí títì Èkó sí Abẹ́òkúta. Ọkọ̀ kì í dúró kí èrò inú rẹ̀ lè ka nọ́ńbà tẹlifóònù láàárín iṣẹ́ ọnà. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ a lo lẹ́tà ológe fún orúkọ ṣọ́ọ̀bù, a sì lo lẹ́tà tí ó mọ́, tí ó rọrùn, fún ìyókù. Agbádá kan ṣoṣo ni ènìyàn ń wọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Èyí kò tíì ju ọ̀rọ̀ ojú lọ. Ọ̀rọ̀ ìwà ni ó léwu jù, nítorí pé ibẹ̀ ni orúkọ ènìyàn ti ń sọnù.

Algerian tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà ní à, á, è àti é, nítorí pé àwọn ará Faransé àti Sípéènì nílò wọn. Kò ní ẹ. Kò ní ọ. Kò ní ṣ. Ohun ìyanu tí ó wà nínú rẹ̀ ni pé ó lè kọ Àgbàdo bí ó ti tọ́, àmì ohùn méjèèjì pé lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò lè kọ Abúlé Ẹ̀gbá tí ó wà nítòsí, kò lè kọ Ẹgbẹ́dá, kò sì lè kọ Ìkọ̀tún. Ó lè kọ Adéníyì, kò lè kọ Adébáyọ̀. Ó lè kọ Táíwò, kò lè kọ Kẹ́hìndé, ìbejì tí wọ́n jọ jáde láti inú ìyá kan náà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn fọ́ǹtì àtijọ́ mìíràn tí àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń wà jáde lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni ó ní àìpé kan náà, àwọn mìíràn kò sì ní àmì ohùn kankan rárá.

Ẹni tí ó bá rò pé àmì kékeré abẹ́ lẹ́tà kò já mọ́ nǹkan, kí ó wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ó bá já bọ́. Obìnrin kan lè ṣí ṣọ́ọ̀bù ìṣaralóge, kí ó pè é ní Ilé Ọ̀ṣọ́. Bí pátákó rẹ̀ bá jáde pẹ̀lú ILE OSO, ẹni tí ń kọjá lómìnira láti kà á sí ilé oṣó. Pósítà tí ó fẹ́ kéde ọjọ́ ìsìnkú lè máa sọ nípa òjò. Ìyá tí ó fi ọkọ àti ọmọ sílẹ̀ sáyé, lórí ìwé tí kò ní àmì, oko ni ó fi sílẹ̀, ọmọ rẹ̀ sì di omo, ọṣẹ ìfọṣọ inú ọ̀rá. Ayọ̀ di ayò tí wọ́n ń ta lábẹ́ igi. Ẹ̀gbá, orúkọ àwọn ènìyàn tí ó ní ìtàn, di ohun tí ènìyàn lè kà sí ẹgba tí wọ́n fi ń na ọmọ.

Àwọn kan yóò sọ pé àyíká ọ̀rọ̀ máa ń là á yé ènìyàn, pé kò sí ẹni tí ó wo pósítà ìsìnkú tí yóò rò pé oko ni olóògbé fi sílẹ̀. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá dáadáa máa ń fi ọgbọ́n orí kún ohun tí ó kù, àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù sì ń rìn lójoojúmọ́ láìní àmì kankan. Ṣùgbọ́n orúkọ kò ní àyíká tí yóò là á. Gbólóhùn lè ran ọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Kò sí gbólóhùn tí ń ran orúkọ lọ́wọ́, nítorí pé òun nìkan ni ó ń dá dúró lórí pátákó, lórí káàdì, lórí ibojì. Yorùbá ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ìdílé tí ó wo ilé, tí ó wo ọjọ́ ìbí, tí ó kó oyin, iyọ̀ àti obì jọ kí wọ́n tó fún ọmọ lórúkọ, kò yẹ kí fọ́ǹtì tí ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ wò fún un ní òmíràn ní ọjọ́ ìkẹyìn rẹ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ a sì parẹ́ ní ọ̀la. Ìwé ètò ìsìnkú ń bẹ nínú àpótí fún ogún ọdún, àwọn ọmọ-ọmọ a sì máa fi í mọ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ ìyá ńlá wọn.

Ìlú tí ń bẹ lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ ka èyí sí, nítorí pé Abẹ́òkúta ni ìwé ìròyìn Yorùbá ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1852 ni Àjàyí Crowther ti tẹ ìwé gírámà àti ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 1859 ni Henry Townsend gbé Ìwé Ìròyìn jáde ní Abẹ́òkúta, tí wọ́n ń fi ọwọ́ to lẹ́tà onírin rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún 1875 ni àwọn àlùfáà àti ọ̀mọ̀wé pàdé ní Èkó láti fẹnu kò lórí bí wọn yóò ṣe máa kọ èdè náà. Nígbà tí Isaac Thomas bẹ̀rẹ̀ Akéde Èkó ní ọdún 1928, ó ti pẹ́ tí atẹ̀wé Èkó ti mọ̀ pé àpótí lẹ́tà tí yóò tẹ Yorùbá gbọ́dọ̀ ní èyí tí ó ní àmì lábẹ́. Àwọn baba wọ̀nyẹn kò ní iná mànàmáná. Wọ́n ní láti ránṣẹ́ sí òkè òkun fún irin, kí wọ́n sì dúró de ọkọ̀ ojú omi. Síbẹ̀, wọn kò sọ pé kí èdè yọ ara rẹ̀ kúrò nítorí àìtó lẹ́tà.

Lẹ́yìn wọn ni àwọn tí ń fi búrọ́ọ̀ṣì kọ pátákó. Àkàbà, agolo ọ̀dà àti okùn tí wọ́n fi ṣẹ́ẹ́kì fi ń fa ìlà ni ohun èlò wọn. Àwọn náà fẹ́ràn lẹ́tà àtijọ́. Ọwọ́ wọn ni òjìji, ẹsẹ̀ àti òdòdó ti kọ́kọ́ di ohun tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù ń fẹ́. Ṣùgbọ́n búrọ́ọ̀ṣì kò ní àlà. Bí oníbàárà bá ní Ọ̀ṣọ́ ni orúkọ ṣọ́ọ̀bù òun, kò sí ohun tí ó ní kí wọ́n má ti búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà lẹ́ẹ̀kan sí i kí wọ́n fi kán àmì sí abẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan ni. Báńnà tí wọ́n ń tẹ̀ láti inú ẹ̀rọ ni ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ó yára, ó mọ́lẹ̀, owó rẹ̀ kò pọ̀. Àmì abẹ́ lẹ́tà wà lára ohun tí ó bá wọn lọ.

Ó yẹ kí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà yé ènìyàn, kí ó má baà dà bí àyànmọ́. Gbogbo ayé ni ó fẹnu kò lórí ètò kan tí wọ́n ń pè ní Unicode, tí ó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ́, ẹ̀, ọ́ àti ọ̀ kò ní nọ́ńbà àdáni. Kọ̀ǹpútà ní láti gbé ẹ kalẹ̀ ná, kí ó tó gbé àmì ohùn lé e lórí. Fún ìdí èyí, ẹni tí ó ya fọ́ǹtì gbọ́dọ̀ ti sọ fún un ibi tí àmì yóò jókòó sí. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, àmì a fò lọ sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kí ó gun iṣẹ́ ọnà orí lẹ́tà náà. Èdè Vietnam náà ń lo ẹ àti ọ, nítorí náà fọ́ǹtì tí wọ́n bá pèsè fún ọjà Vietnam sábà máa ń ní méjèèjì. Ṣùgbọ́n èdè Vietnam kò lo ṣ. Ìyẹn ni ó fà á tí ènìyàn fi lè rí fọ́ǹtì tí ó kọ Ọlá dáradára, tí ó sì kùnà lórí Ṣọlá.

Nígbà tí fọ́ǹtì kò bá ní lẹ́tà tí wọ́n béèrè, ọ̀kan nínú ohun mẹ́ta ni ó ń ṣẹlẹ̀. Àpótí òfìfo lè yọ sí ààyè rẹ̀. Kọ̀ǹpútà lè lọ yá lẹ́tà kan láti inú fọ́ǹtì mìíràn, kí ọ̀kan ṣoṣo nínú orúkọ náà dá yàtọ̀ bí ẹni tí kò bá ẹgbẹ́ wọ aṣọ ẹbí. Tàbí kí oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà, tí oníbàárà mẹ́rin dúró tì, pa àmì náà rẹ́ kí iṣẹ́ lè jáde. Ẹ̀kẹta yìí ni ó wọ́pọ̀ jù, ẹ̀bi rẹ̀ kò sì yẹ kí ó wà lórí oníṣẹ́ nìkan. Oníbàárà wo káàdì náà kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Ó yẹ àwọ̀ wò, ó yẹ fọ́tò wò, ó ní kí wọ́n mú kí fìlà bàbá mọ́lẹ̀ sí i. Kò sọ nǹkan kan nípa orúkọ.

Àtúnṣe kò le, kò sì béèrè pé kí ẹnikẹ́ni ju lẹ́tà ológe nù. Ohun àkọ́kọ́ ni àyẹ̀wò. Kí oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà tó fi fọ́ǹtì kankan han oníbàárà Yorùbá, kí ó kọ ọ̀rọ̀ márùn-ún wọ̀nyí pẹ̀lú rẹ̀: Ọ̀ṣọ́, Ẹ̀gbá, Ṣẹ́gun, ńlá, ǹjẹ́. Fọ́ǹtì tí ó bá kọ márààrún láìfọ́ ti yege. Èyí tí ó bá kùnà, kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún àkọlé Gẹ̀ẹ́sì. Àyẹ̀wò yìí kò gba ìṣẹ́jú méjì, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọn yóò sì ṣe é fún fọ́ǹtì kọ̀ọ̀kan.

Ohun kejì ni ọwọ́. Nínú CorelDRAW, tí ọ̀pọ̀ atẹ̀wé láti Àgbàdo dé Ṣómólú ń lò, kò sí ohun tí ó ní kí ènìyàn má lè mú àmì ìdánudúró láti inú fọ́ǹtì kan náà, kí ó gbé e sí abẹ́ lẹ́tà, kí ó sì fi òjìji sí i bíi ti ìyókù. Fún odindi ìwé, ìyẹn yóò pọ̀ jù. Fún orúkọ kan ṣoṣo lórí pátákó tí yóò dúró fún ọdún mẹ́wàá, kò pọ̀ rárá. Ohun tí ẹni tí ó di búrọ́ọ̀ṣì mú ń ṣe nìyẹn, ẹni tí ó di eku kọ̀ǹpútà mú sì lè ṣe é.

Ohun kẹta ni yíyàn tí ó dára. Àwọn fọ́ǹtì ẹlẹ́sẹ̀ bíi Gentium àti Charis, tí ẹgbẹ́ SIL ń pín lọ́fẹ̀ẹ́, ni wọ́n yà pẹ̀lú èdè bíi Yorùbá lọ́kàn, Noto tí Google ń pín sì ń gbé àmì wa gbogbo. Wọn kì í ṣe ológe, ṣùgbọ́n wọ́n yẹ fún ìyókù ìwé ìpè, níbi tí orúkọ ẹbí ti máa ń pọ̀ jù. Fún kíkọ ọ́ sórí kọ̀ǹpútà, àwọn tí wọ́n dá YorubaName sílẹ̀ ti pèsè bọ́tìnnì ìkọ̀wé tí ẹnikẹ́ni lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ti oge, àwọn ọmọ ilé ti ń ya tiwọn. Seyi Olusanya àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní Afrotype ti gbé fọ́ǹtì ẹlẹ́sẹ̀ kan jáde lórí Google Fonts tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Danfo, tí wọ́n fi lẹ́tà sítíkà ara ọkọ̀ dánfó Èkó ṣe àwòkọ́ṣe. Ìtumọ̀ rẹ̀ tóbi ju fọ́ǹtì kan lọ. Ohun tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ fi abẹ títì gé sára ọkọ̀ lójú pópó ti di ohun tí gbogbo ayé lè lò, ó sì fi hàn pé kò pọn dandan kí lẹ́tà àtijọ́ ti Sheffield wá.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn ń dé etí èrò ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀. Ìjọ àti mọ́sálásí ń tẹ báńnà àti kàlẹ́ńdà lọ́pọ̀lọpọ̀. Bí alága ìgbìmọ̀ ìpolówó bá ní òun kò ní gba iṣẹ́ tí orúkọ olùdarí rẹ̀ kò pé àmì, atẹ̀wé yóò wá fọ́ǹtì tí ó yẹ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìjọba ìdàgbàsókè Àgbàdo/Òkè-Odò lè bẹ̀rẹ̀ láti orí pátákó orúkọ òpópónà tirẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ ni ó sì ní ìdí tí ó le jù. Láti ọdún 2018 ni Ìpínlẹ̀ Èkó ti ní òfin tí ó fẹ́ dáàbò bo èdè Yorùbá, tí ó sì ní kí wọ́n máa kọ́ ọ ní ilé ẹ̀kọ́. Ọmọ tí olùkọ́ fa ìwé rẹ̀ ya nítorí pé ó kọ oja dípò ọjà, kí ni yóò rò nígbà tí ó bá gbójú sókè tí ó rí orúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà fúnra rẹ̀ lórí pátákó, tí kò ní àmì kan ṣoṣo? Ohun tí ìta ń kọ́ ọmọ a máa pẹ́ lọ́kàn rẹ̀ ju ohun tí bọ́ọ̀dù dúdú kọ́ ọ lọ.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá sọ pé ọ̀rọ̀ yìí kéré, tí epo bẹntiróòlù àti owó ilé ń da ìlú láàmú, kò purọ́ nípa epo. Ṣùgbọ́n èyí kò béèrè owó ìjọba, kò sì béèrè ìwọ́de. Iye owó kan náà ni ilé ìtẹ̀wé yóò gbà láti tẹ Adébáyọ̀ àti Adebayo. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín méjèèjì ni pé ẹnì kan wò ó lẹ́ẹ̀kejì.

Kí lẹ́tà ológe máa bá a lọ ní ṣíṣe oge rẹ̀ lórí ògiri Àgbàdo. Kí òjìji rẹ̀ gùn, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ, kí ó pe àlejò wá sí ibi ìnáwó, kí ó sì fún òkú ní ọ̀wọ̀ tí ó tọ́ sí i. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni kí ẹni tí ó bá fẹ́ lò ó kọ́kọ́ gbé lé e lọ́wọ́: kí ó kọ orúkọ olówó ìnáwó bí ìyá rẹ̀ ṣe ń pè é. Èyí tí ó bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ ni ó lẹ́wà.